Mo fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ sẹ́yìn ilé mi ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Tolú
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń gbé. Ẹ̀yìnkùlé wa kò ju ibi tí wọ́n lè gbé mọ́tò méjì sí lọ, àmọ́ oòrùn ń pa ibẹ̀ láti ọ̀sán títí dìrọ̀lẹ́. Lọ́dún tó kọjá, mo fọ́n tẹ̀tẹ̀ síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, bí màámi ṣe máa ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Igbó tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀. Díẹ̀ ló hù. Ewé rẹ̀ kò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ, ó kàn dúró sójú kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo jáde, gbogbo rẹ̀ ti dúdú, ó rọ̀ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀. Ó dùn mí wọra. Kí ni mo lè kọ́kọ́ gbìn tí kò ní já mi kulẹ̀? Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe, n kò ráyè bomi rin nǹkan lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́.

Bàbá Ìbejì
Ìyá Tolú, ẹ pẹ̀lẹ́. Ìrì dídì ló pa á. Nílé, òjò là ń wò ká tó gbìn. Níbí, ẹ ti ọwọ́ bọ ilẹ̀ wò ná. Bó bá ṣì tutù nini, tẹ̀tẹ̀ kò ní ṣe dáadáa níbẹ̀. Ìrì dídì ṣì lè bọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù títí di nǹkan bí àárín oṣù karùn-ún.

Àwọn tí òtútù kò dẹ́rù bà ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù kẹta yìí. Radish, ẹ̀fọ́ tó máa ń ta gbòǹgbò roboto tí wọ́n ń jẹ, ló yá jù, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún lẹ ti máa fà á tu. Létúùsì náà dára: ewé ìta ni kẹ́ ẹ máa já, ẹ fi àárín rẹ̀ sílẹ̀ kó máa rú. Ní ti àlùbọ́sà eléwé, ẹ má tilẹ̀ ra irúgbìn. Èyí tẹ́ ẹ bá rà lọ́jà, ẹ ge ewé rẹ̀ sè, kẹ́ ẹ ri ìdí rẹ̀ tó ní gbòǹgbò mọ́lẹ̀. Yóò tún yọ.

Màmá Kẹ́mi
Ìyá Tolú, ọmọ mi, má fi tẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ o. Ọdọọdún ni mò ń jẹ tèmi. Ní ìparí oṣù kẹrin, fọ́n irúgbìn rẹ̀ sínú ike ní etí fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀. Kóró rẹ̀ kéré bí iyẹ̀pẹ̀, má rì í wọlẹ̀. Ilẹ̀dú fẹ́ẹ́rẹ́ ni kó o bù bò ó. Tó bá di ìparí oṣù karùn-ún, gbé e síta lọ́sàn-án, gbé e wọlé lálẹ́, fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kó lè mọ atẹ́gùn lára. Lẹ́yìn náà ni kó o lọ́ ọ, kó jìnnà síra ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Bó bá ti dé orúnkún rẹ, gé orí rẹ̀, ẹ̀ka máa yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Orí kan ṣoṣo lè sọ ìkòkò ẹ̀fọ́ di méjì mẹ́ta kí òtútù tó dé.

Má sọ pé kí wọ́n bá ẹ mú irúgbìn bọ̀ láti Nàìjíríà. Ó ní ìwé ẹ̀rí ìlera ewéko tí ìjọba ń béèrè. Àwọn ará Jàmáíkà ń pe tẹ̀tẹ̀ ní callaloo. Orúkọ yẹn ni kó o máa wò lára páálí irúgbìn níbí.

Dèjì
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ata rodo ńkọ́?

Bàbá Ìbejì
Àbúrò, ó máa ń pẹ́. Oṣù kejì ló yẹ kó o ti gbìn ín sínú ilé. Lọ́dún yìí, ra èyí tó ti hù.

Ìyá Tolú
Ẹ ṣé gan-an. Létúùsì tí mo kọ́kọ́ gbìn nígbà kan, nǹkan kan jẹ ẹ́ tán lóru. Ipa tó ń dán bí itọ́ ló fi sílẹ̀.

Dèjì
Ẹ da iyọ̀ sí i lára!

Màmá Kẹ́mi
Ẹ má dán an wò. Iyọ̀ yẹn máa ba ilẹ̀ jẹ́. Slug ni, ìgbín tí kò ní ìkarahun. Mú tọ́ọ̀ṣì jáde lálẹ́ ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, máa ṣà wọ́n sínú korobá. Bó o bá fẹ́ ra oògùn, èyí tó ní ferric phosphate ni kó o wá. Metaldehyde táwọn èèyàn ń lò tẹ́lẹ̀, wọ́n ti fòfin dè é láti òpin oṣù kẹta ọdún 2022, nítorí ó ń pa ẹyẹ àti ẹranko.

Ní ti omi, ẹ̀ẹ̀kan láàárọ̀ ti tó. Tó o bá ti ibi iṣẹ́ dé, bomi rin ín kó tẹ́ ẹ lọ́rùn kó o tó lọ sùn. Ìdí rẹ̀ ni kó o bu omi sí, má bù ú sí ewé. Kó koríko gbígbẹ yí i ká, ilẹ̀ kò ní tètè gbẹ.

Ìyá Tolú
Mà, ẹ kú àdúrótì. Mo ti fi ìṣó gbígbóná lu ìdí ike áísìkiriìmù mẹ́ta. Lọ́la tí mo bá dé láti ibi iṣẹ́, àlùbọ́sà ni n ó kọ́kọ́ rì. Tẹ̀tẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀, mo ti kọ ọ́ sí i lára: ìparí oṣù kẹrin.