Bẹ́árìn ẹ̀yìn Highlander mi ń kùn, ẹ bá mi dá sí i

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́. Ọkọ̀ Toyota Highlander 2008 mi, táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún ti ń kùn hùùù látọjọ́ mẹ́ta, tí mo bá ti wọ 60 báyìí ariwo ẹ̀ á bo rédíò mọ́lẹ̀, àmọ́ tí mo bá yà sọ́tùn-ún á rọlẹ̀ díẹ̀. Mo fi jáàkì gbé e, mo di táyà mú lókè nílẹ̀, mo mì í, ó ń yẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n. Mẹkáníìkì ní ká lu bẹ́árìn (irin roboto tó ń jẹ́ kí táyà yí geere) nìkan jáde, èmi sì rí i pé bóòtù mẹ́rin ló mú họ́bù yẹn (irin tí wọ́n de táyà mọ́, tí bẹ́árìn wà nínú ẹ̀) látẹ̀yìn, ṣé kì í ṣe odidi ẹ̀ la máa pààrọ̀ ni? Tòkunbọ̀ Ládípọ̀ àbí tuntun, èwo ló ń pẹ́? Wáyà ABS (ti bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há) ńkọ́, báwo la ṣe máa ṣe é tí ò fi ní já? Ọkọ̀ yìí làwọn ọmọ mi ń wọ̀ lọ síléèwé, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.