Ta ló la Lignano Pineta tí ọ̀nà rẹ̀ rí kọ́lọkọ̀lọ báyìí?

Ìyá Ìbejì (Udine): Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. A kó àwọn ọmọ lọ sí etíkun Lignano, ní Italy níbí, lọ́jọ́ Àìkú. Ní Sabbiadoro, apá kan ìlú náà, wẹ́rẹ́ la rí òkun. Ìgbà tí a dé Pineta, apá mìíràn, a wa mọ́tò títí, igi páìnì nìkan là ń rí, títì sì ń tẹ̀ ṣáá. Bàbá wọn ní ẹni tó la ibẹ̀ ti mu ẹmu yó. Ta ni, kí ló sì ń wá?

Bọ̀ọ̀dá Pẹ́ńtà: Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi kí bàbá wọn, ẹni náà ò mutí. Marcello D'Olivo ni, ayàwòrán ilé, ọmọ Udine tiyín níbẹ̀ yẹn, ní àwọn ọdún 1950, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Yanrìn àti igi páìnì ló bá níbẹ̀. Ó ká títì bí ikarahun ìgbín, ó dá igi sí, ó fi ilé sáàárín wọn. Níbi tí títì ti ń tẹ̀, ta ló fẹ́ sáré? Ẹlẹ́sẹ̀ ló ni ọ̀nà tààrà: ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù gígùn kan tí wọ́n ń pè ní Treno, láti àárín gbùngbùn títí dé ọ̀nà òkun. Ẹ gbé mọ́tò sílẹ̀, kí ẹ tọ ibẹ̀.

Iṣẹ́ ọ̀dà ni mò ń ṣe níbẹ̀ kí àwọn àlejò ìgbà ooru tó dé. Ẹni tó bá ń yìn kọ̀ǹkéré etíkun, kó wá bá wa ṣiṣẹ́! Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ á wọ ibi tó bá là, irin inú rẹ̀ á dógùn-ún, á wú, á ti sìmẹ́ǹtì jáde. A ó gbẹ́ ẹ dé irin, a ó ha irin náà títí á fi dán, a ó fi oògùn sí i, ká tó dí i. Onílé kan ní kí n sáà kun ọ̀dà bò ó. Mo kọ̀ ọ́ fún un.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Rimini): Ẹ wá wo ti Cesenatico, ìlú etíkun kan nítòsí wa níbí: ilé alájà 35, mítà 118, Eugenio Berardi ló yà á, wọ́n parí rẹ̀ ní 1958. Kò sẹ́ni tó ń sọnù níbẹ̀, ẹ ó ti máa rí i láti ọ̀nà jíjìn.

Bọ̀ọ̀dá Pẹ́ńtà: A rí i. Ta ni yóò gun àkàbà lọ kùn ún? Èmi kọ́ o. Mo fara mọ́ ilé tí igi ga jù ú lọ.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ṣé a lè rí ibi gbé mọ́tò sí nítòsí Treno náà?

Bọ̀ọ̀dá Pẹ́ńtà: Lóṣù kẹjọ? Ẹ tètè dé láàárọ̀.