Ẹni tí kò lọ síbi iṣẹ́, ibo ló ń lọ lójoojúmọ́ ní Ifẹ̀?

Bàbá Tíṣà:
Ẹ kú ilé o. Àwọn ọmọ mi rò pé látìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, orí àga ni mo ń jókòó sí. Irọ́ ni! Nígbà tí mo ń kọ́ni, ilé sí ilé ìwé nìkan ni mo mọ̀. Ní báyìí, kò sí àdúgbò tí n kì í dé. Àmọ́ n kì í jáde kí aago mẹ́sàn-án tó lù, torí àwọn ọmọ ilé ìwé àtàwọn òṣìṣẹ́ Yunifásítì ló ń gba gbogbo ọkọ̀ ní Lágèrè láàárọ̀. Ọjọ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni mo ń bá wọn du àyè, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ọsibítù ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè.

Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó ọkọ̀ ti gun òkè àjà. Owó ìfẹ̀yìntì ò bá a gùn. Nítorí náà, bí mo bá wọkọ̀ lọ, mo máa ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Mo lè yà ra oògùn, kí n yà kí ọ̀rẹ́ tí ara rẹ̀ ò yá, kí n tún dúró wo àwọn tó ń ta ayò. Ìyẹn gan-an ló ń gba àkókò jù.

Ọmọ Mọ́dákẹ́kẹ́:
Bàbá, ẹ tiẹ̀ ń rówó gbà lóṣooṣù. Èmi ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, iṣẹ́ ò tíì yọjú. Gbogbo ilé ló ń rán mi: “Ṣebí o ò ṣe nǹkan kan, bá mi gbé èyí dé Ìyékéré.” Wọ́n á fún mi lówó kẹ̀kẹ́, màá fẹsẹ̀ rìn, màá fi owó náà ra dátà. Àwọn ọjọ́ mìíràn, màá fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì mi, màá jáde ní kùtù, kí àwọn ará àdúgbò má baà máa béèrè ọ̀rọ̀.

Ìyá Ìbejì:
Èmi ò lọ sọ́fíìsì, ṣùgbọ́n ẹ wá wo ìrìn mi: mo mú àwọn ọmọ lọ sílé ìwé, mo padà wálé, mo lọ ọjà Odò-Ogbè, mo tún lọ mú wọn bọ̀. Ọlọ́kadà wa kì í tiẹ̀ béèrè ibi tí mò ń lọ mọ́.

Àbúrò mi, ṣé o máa kọjá lọ́jà lọ́la? Bá mi ra ata. Màá fún ẹ lówó kẹ̀kẹ́. Ìwọ lo mọ bí o ṣe máa débẹ̀.