Ìwé kajú nìkan ni àbí ìwé igi eléso lápapọ̀? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìtòsí Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni oko kajú tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi wà. Ọdún mẹ́ta rèé tí àwọn igi náà ń yọ òdòdó bí ọyẹ́ bá dé, ṣùgbọ́n èso tí à ń ṣà kò tó nǹkan. Mo bi àwọn àgbà oko, mo wo fídíò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo fín oògùn kòkòrò lẹ́ẹ̀mejì. Pàbó ni.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní LAUTECH ló wá yá mi ní ìwé kan tó dá lé kajú nìkan, fún ọjọ́ méjì péré. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ẹ̀ka ìta tí oòrùn ń pa ni kajú ti máa ń so, pé ó sì yẹ kí igi kan jìnnà sí èkejì tó bíi mítà 9. Tiwa kò ju 4 lọ! Ẹ̀ka ti wọnú ara wọn, abẹ́ wọn ṣú bí igbó. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ń sọ ti kòkòrò. Kò sẹ́ni tó bi mí bí igi ṣe sún mọ́ra tó.

Mo fẹ́ ra ìwé tèmi báyìí, àmọ́ ẹyọ kan ni owó ọwọ́ mi ká. Mo sì ní máńgòrò àti ọsàn díẹ̀ lóko. Ṣé èyí tó sọ̀rọ̀ kajú jinlẹ̀ ni kí n rà, àbí èyí tó kárí gbogbo igi eléso?

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú ìdáhùn yín o.