Àbọ̀ rèé: ọjọ́ ẹ̀kọ́ lórí àìsàn ọ̀nà ìtọ̀ ọmọdé ní Ìkòròdú

Ẹ kú ìmọ̀ràn o. Mo béèrè lọ́wọ́ yín ṣáájú bí ọjọ́ kan ṣoṣo tí oníṣẹ́ abẹ ọmọdé láti òkè òkun fẹ́ fi kọ́ wa ṣe lè wúlò fún dókítà àti nọ́ọ̀sì Ìkòròdú.

Ìmọ̀ràn tó ṣiṣẹ́ jù ni pé kí a dín àsọyé kù, kí oníkálukú mú ọ̀ràn aláìsàn tirẹ̀ wá, láìdárúkọ ọmọ. Nígbà tó kan jòjòló ọkùnrin tí ìtọ̀ rẹ̀ ń kán tó-tó, tí ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ sì le, àlejò wa mú rọ́bà tín-ín-rín tí a fi ń gba imú fún ọmọ lóúnjẹ, ìwọ̀n 6, ó fi bèbí oníke hàn wá bí a ṣe ń fi í fa ìtọ̀ kí a tó gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Rọ́bà tó wà ní wọ́ọ̀dù wa lójoojúmọ́! Ó tún tẹnu mọ́ ọn: ọmọ tí ojú ìtọ̀ rẹ̀ kò sí ní ṣóńṣó, ẹ má dábẹ́ fún un, awọ yẹn ni wọ́n máa fi tún un ṣe.

Pípe àwọn olóólà tó ń dábẹ́ fọ́mọ wá síbi ẹ̀kọ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ yọrí. Àwọn díẹ̀ wá, wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa, àwọn yòókù ní kí a wá bá àwọn nílé. A máa lọ.

Ohun tó kù ni irinṣẹ́ tí a fi ń wo inú ọ̀nà ìtọ̀ ọmọ. Kò sí níbi iṣẹ́ wa, àwọn ilé ìwòsàn ńlá, LASUTH ní Ìkẹjà tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà, la ṣì ń rán àwọn ọmọ náà lọ.