"Ewì ìgbàgbé" kọ́, ẹ wo "àṣíjibò" ná

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀ o. Lórí orúkọ tí a ń wá fún ewì àwọn òǹkọ̀wé tó jẹ́ pé ìtàn àròsọ tàbí eré oníṣe la fi mọ̀ wọ́n: ẹnì kan dá "ewì ìgbàgbé" lábàá, ẹlòmíràn ní "ewì àpatì" ló dáa jù. Ẹ má bínú, méjèèjì ò tíì débẹ̀.

A kì í gbàgbé ohun tí a ò mọ̀ rí. Herman Melville, ará Amẹ́ríkà tó kọ ìtàn àròsọ Moby-Dick ní 1851 ńkọ́? Nígbà tí ìtàn kíkọ ò bọ́ ọ mọ́, iṣẹ́ aṣọ́bodè ló lọ ń ṣe ní New York fún ọdún 19, ewì ló sì ń kọ. Ọ̀kan nínú wọn, Clarel, tó nǹkan bí ìlà 18,000. Ní 1888 àti 1891, ó tẹ ìwé ewì méjì, ẹ̀dà 25 péré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ta ló kà á tí yóò wá gbàgbé rẹ̀? (Ẹ sì rántí pé "ewì ìgbàgbé" lè jẹ́ ewì tó dá lórí ìgbàgbé.)

"Àpatì" ní tirẹ̀ ń dá ẹnì kan lẹ́bi. Tí mo bá gbọ́ ọ, ó ń ṣe mí bíi pé òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ló fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí. Bẹ́ẹ̀, ìtàn àròsọ gígùn ni Thomas Hardy, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pa tì ní tirẹ̀, kì í ṣe ewì. Ẹni ọdún 58 ni nígbà tí ìwé ewì rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1898.

"Ewì àṣíjibò" ni mo mú wá: ewì tí òjìji iṣẹ́ ńlá bò. Ẹ ṣọ́ àmì ohùn o! "Aṣíjibò" ni èyí tó ń ṣíji bo nǹkan. "Àṣíjibò" ni èyí tí wọ́n ṣíji bò, bí àgbàtọ́ ṣe jẹ́ ọmọ tí wọ́n gbà tọ́. Ẹni tó bá gbàgbé àmì yẹn ti sọ ewì di òjìji.

Ẹnì kan ti ní ààbò ni ṣíji bò jẹ́ nínú Bíbélì, kì í ṣe ìfarapamọ́. Òótọ́ ni, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀. Owó ìtàn àròsọ ló fún Hardy láyè láti jókòó ti ewì. Òjìji kan náà tó bò ó ló dáàbò bò ó.

Ẹ wo Chinua Achebe. Things Fall Apart nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ mọ́ ọn. Nínú ewì rẹ̀ kan nípa ogun Biafra, ìyá kan mú òòyà tó ti ṣẹ́, ó ń fara balẹ̀ ya irun tó pọ́n bí irin tó dípẹtà lórí ọmọ rẹ̀ tó ń kú lọ. Nígbà kan rí, kí ọmọ tó jẹun àárọ̀ lọ sílé ìwé, ta ni ì bá ka ìyẹn sí? Báyìí, bí ẹni ń to òdòdó sórí sàréè kékeré ló rí. Ṣé àpatì lẹ fẹ́ pe èyí?

Ó ku orúkọ tí a ó máa pe ẹni tó ń kọ irú ewì bẹ́ẹ̀. Akéwì ń ké ni; kíkọ ni Melville ń kọ tirẹ̀. Mo dán "akọwì" wò, ó dà bíi pé mo ń sín. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó gbé e wá.