Mustang 1966 onísílíńdà mẹ́fà: ṣé kí n kọ́kọ́ ra V8 ni àbí kí n tún bọ́dì ṣe?

Ọmọ Mushin ní Katy

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Katy ni mò ń gbé, lẹ́bàá Houston níbí. Ìyá àgbàlagbà kan ládùúgbò wa fẹ́ ta Mustang ọdún 1966 tí olóògbé ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ sínú gáréèjì. Onílẹ̀kùn méjì ni, kì í ṣe fastback, èyí tí òrùlé rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀ dé ẹ̀yìn, o. Ẹ́ńjìnì sílíńdà mẹ́fà ló wà níwájú rẹ̀, kò sì tíì ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí bàbá ti kú. Owó tí ìyá ń béèrè kò pa mí lára.

Ọkọ̀ tó ń bú ramúramù ni mo fẹ́, kí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé mo ti ń jáde lọ. V8, ẹ́ńjìnì onísílíńdà mẹ́jọ, ni mo fẹ́ gbé sí i. Mo ti rí V8 lítà 5.0 kan tí wọ́n tú lára Ford Explorer níbi tí wọ́n ti ń ta pááàtì ọkọ̀ àlòkù, owó rẹ̀ sì dáa. Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ mẹ́káníìkì ní ká yọ ti àtijọ́ ká gbé èyí sí i, pé kò ní gbà ju ìparí ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ìyàwó mi ní bí ẹ́ńjìnì bá fi lè wọlé kí ọkọ̀ tó wọlé, èmi àti ẹ́ńjìnì la jọ máa sùn síta.

Ilẹ̀ ọkọ̀ ti dógùn-ún lápá ibi tí awakọ̀ ń gbé ẹsẹ̀ sí. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ báyìí, ìka wọlé. Mo ní jáàkì àti sípánà. Mo sì lè jó irin, torí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà ni bàbá mi ní ní Mushin, àmọ́ géètì àti bọ́gíláà la máa ń jó níbẹ̀, mi ò jó páànù ọkọ̀ rí. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé kí n tètè ra ẹ́ńjìnì yẹn kí ẹlòmíì tó gbà á?

Ọ̀gá Bíréékì, Atlanta

Àbúrò, fi ẹ́ńjìnì sílẹ̀ ná. Lọ bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà, kó o ka nọ́ọ̀tì tó di táyà mú. Mẹ́rin lo máa bá níbẹ̀. Èyí tí Ford fúnra wọn bá gbé V8 sí nígbà yẹn, márùn-ún ló máa ń ní. Ọ̀rọ̀ náà kọjá nọ́ọ̀tì lásán o. Ásù ẹ̀yìn onísílíńdà mẹ́fà kéré, dúrọ́ọ̀mù bíréékì rẹ̀ kéré, irin tó ń yí táyà iwájú náà kò lágbára tó ti V8, rédíétọ̀ gan-an kéré. Agbára ẹṣin 120 ni wọ́n kọ sára ẹ́ńjìnì tó wà níbẹ̀, ìyẹn ni gbogbo nǹkan wọ̀nyẹn sì ṣe é gbé. Ti Explorer lé ní 200.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ṣí bónẹ́ẹ̀tì kó o wo màsítà bíréékì, ìyẹn ohun tó ń ti epo bíréékì lọ sí táyà. Ojú kan ṣoṣo ló ní. Ti 1967 ni wọ́n tó pín in sí méjì, ti iwájú lọ́tọ̀, ti ẹ̀yìn lọ́tọ̀. Lára tìẹ, bí páìpù kan bá fi jò pẹ́nrẹ́n, bíréékì táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló lọ. Wàá tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀, ọkọ̀ á sì máa bá eré lọ lórí òpópónà I-10. Màsítà olójú méjì kò wọ́n, ó sì ṣeé fi rọ́pò rẹ̀. Bíréékì díìsì níwájú, ásù onínọ́ọ̀tì márùn-ún lẹ́yìn: ibẹ̀ ni kí owó àkọ́kọ́ lọ. Tọ́rẹ̀ẹ́ rẹ tó ní ìparí ọ̀sẹ̀ méjì, bi í léèrè bóyá bíréékì wà nínú ìṣirò rẹ̀.

Ọmọ Wẹ́dà, Dallas

Ẹ̀gbọ́n Atlanta ti sòótọ́, àmọ́ kí bíréékì tó kàn, bọ́dì ni. Mustang kò ní ṣáásí lọ́tọ̀ bíi Chevelle ti Chevrolet. Páànù yẹn fúnra rẹ̀ ni egungun ọkọ̀. Ilẹ̀ tó jẹrà yẹn kì í kúkú ṣe pé ẹsẹ̀ ló jẹ ẹ́, omi ni. Omi yẹn sì sábà máa ń ti òkè wá.

Lábẹ́ gíláàsì iwájú, ẹ máa rí ojú afẹ́fẹ́ tó là wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àpótí irin kan wà lábẹ́ rẹ̀ tẹ́ ẹ ò lè rí. Ẹ gbé ọ́ọ̀sì omi sí i, kí ẹnì kan dùbúlẹ̀ sílẹ̀ ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì kó máa wo abẹ́ dáṣíbọọ̀dù. Bí omi bá ń kán sílẹ̀ ọkọ̀, àpótí yẹn ti lu nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá jó ilẹ̀ tuntun láìtún un ṣe, ilẹ̀ tuntun náà máa jẹrà. Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì dání pẹ̀lú, kẹ́ ẹ fi ra gbogbo ara ọkọ̀, pàápàá abẹ́ ilẹ̀kùn àti ẹ̀yìn táyà. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, fílà, ìpara tí wọ́n fi ń dí ihò bọ́dì, ni wọ́n fi dí i.

Ẹ má gé ilẹ̀ kankan o, àyàfi tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ jó ọ̀pá irin dábùú ojú ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún lósì. Tẹ́ ẹ bá gé e láìṣe bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ máa tẹ̀ láàárín, ilẹ̀kùn kò sì ní tì mọ́ láéláé. Ẹ̀rọ tó ń yọ wáyà ni kẹ́ ẹ lò, wáyà ínǹṣì 0.023, gáàsì argon 75 sí CO2 25. Kì í ṣe bẹ́ ẹ ṣe ń fa iná gùn lára géètì ní Mushin. Ẹ kán an níhìn-ín, ẹ lọ kán an lọ́hùn-ún, ẹ jẹ́ kó tutù kẹ́ ẹ tó padà. Páànù ọkọ̀ tó bá gbóná jù máa ká bí ewé kókò tí oòrùn pa.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé èyí tó burú jù: tánkì epo! Lára Mustang ìgbà yẹn, orí tánkì gan-an ni ilẹ̀ búùtù. Kò sí irin mìíràn láàárín. Ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ gbé e jáde kúrò nínú ilé pátápátá, kí ẹnikẹ́ni tó tan iná wẹ́dà nítòsí rẹ̀.

Àǹtí Ìwé Ọkọ̀, Houston

Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ẹ ti ń jó irin ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Orúkọ ta ló wà lórí title, ìwé tó fi hàn ẹni tó ni ọkọ̀? Bó bá jẹ́ orúkọ bàbá tó kú, ìyá kò lè dá nìkan buwọ́ lù ú fún yín. Ní Texas níbí, tí bàbá kò bá ṣe ìwé ìhágún, tí wọn kò sì gbé dúkìá rẹ̀ lọ sí kóòtù, fọ́ọ̀mù àwọn àjogún wà fún un. Gbogbo àjogún ló máa buwọ́ lù ú níwájú nótárì, kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sí ọ́fíìsì owó orí ti county. Ọmọ kan ṣoṣo tó bá kọ̀ ti tó láti dá gbogbo rẹ̀ dúró.

Ẹ yẹ nọ́ńbà ọkọ̀ wò pẹ̀lú. Ara irin inú, lápá awakọ̀, lábẹ́ etí fẹ́ńdà ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí. Kò gùn tó ti òde òní. 6 ni yóò ṣáájú, ìyẹn 1966. Lẹ́tà ilé iṣẹ́ ló tẹ̀ lé e. 07 dúró fún bọ́dì tẹ́ ẹ sọ yẹn. Lẹ́tà tó wá kàn ni ti ẹ́ńjìnì. T ni sílíńdà mẹ́fà. Kó bá ti title mu lẹ́tà dé lẹ́tà.

HOA yín, ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò, ńkọ́? Èyí tó pọ̀ jù kì í fẹ́ rí ọkọ̀ tí kò lè rìn níta. Tí gáréèjì kò bá gbà á pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní títì, ẹ tètè mọ̀ báyìí. Mo wà lẹ́yìn ìyàwó yín.

Bàbá Mẹ́fà, Baltimore

Èmi nìkan ni n óò sọ èyí, ẹ máa bú mi. Ẹ́ńjìnì sílíńdà mẹ́fà yẹn, oní 200 cubic inch, kò ṣe nǹkan kan fún yín! Bẹ́ríńgì méje ló gbé kìránkì rẹ̀, kì í tètè kú. Bíréékì, bọ́dì, wáyà, ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ tán, kẹ́ ẹ fi mẹ́fà yẹn wa ọkọ̀ náà títí ọwọ́ yín á fi mọ̀ ọ́n. Mo gbà pé kò ní bú ramúramù. Wọ́n da ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ orí ẹ́ńjìnì ni, kò ṣeé yọ, ìdí nìyẹn tí agbára rẹ̀ kì í fi í gbé pẹ́ẹ́lí. Àmọ́ ọkọ̀ tó ń rìn dáa ju èyí tó wà lórí igi lọ.

Ẹlẹ́ńjìnì, Newark

Bàbá Mẹ́fà, ẹ̀yin náà! Ọmọ ní òun fẹ́ gbọ́ ariwo.

Ọ̀gbẹ́ni, 5.0 Explorer yẹn dáa. Kámù rẹ̀, irin tó ń ṣí fáàfù, jẹ́ onírólà, ẹ ò ní máa wá epo ẹ́ńjìnì oní-zinc kiri bí àwa tó ń lo ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ọ̀rẹ́ yín kò sọ. Gíá tó wà lẹ́yìn mẹ́fà kò lè so mọ́ ọn, gíá mìíràn lẹ máa rà. Ìdọ́gba kìránkì rẹ̀ jẹ́ 50 ounce-inch, ti 289 àti 302, V8 Ford àtijọ́, sì jẹ́ 28. Bẹ́ ẹ bá mú flexplate (páànù roboto tó so ẹ́ńjìnì mọ́ gíá) ti àtijọ́ so mọ́ ọn, ọkọ̀ á máa gbọ̀n títí nǹkan á fi fọ́. Sọ́ńpù, àwo epo abẹ́ ẹ́ńjìnì, tí ikùn rẹ̀ wà níwájú ni Mustang yín ń fẹ́. Bí orí ẹ́ńjìnì náà bá jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní GT40P, ẹ béèrè irú páìpù èéfín tó máa bá a mu kẹ́ ẹ tó rà á, torí ibi tí plọ́ọ̀gì rẹ̀ kọjú sí yàtọ̀. Bí iná ṣe ń tẹ̀ léra nínú àwọn sílíńdà rẹ̀: 1-3-7-2-6-5-4-8. Èyí tó wà nínú ìwé 1966 kọ́ o.

Explorer pọ̀ nílẹ̀ yìí. Ìyẹn bá lọ, òmíràn ń bọ̀.

Ọmọ Mushin ní Katy

Ẹ ṣeun gan-an ni o. Mo ti padà lọ síbẹ̀. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ni lóòótọ́, màsítà olójú kan, lẹ́tà T. Mo gbé ọ́ọ̀sì sí i bí Ọmọ Wẹ́dà ṣe wí: lápá awakọ̀, ó ń ṣàn, lápá kejì, ó ń kán tótótó. Ẹ́ńjìnì ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ọ̀la. Ìyàwó mi ti ka gbogbo èsì yín, ó ní kí n kí Àǹtí. Ọmọ Wẹ́dà, ṣé ọwọ́ mi ká àpótí yẹn?

Ọmọ Wẹ́dà, Dallas

Ó ká a, tẹ́ ẹ bá ní sùúrù. Ojú ibi tí wọ́n fi iná kán mọ́ra pọ̀ gan-an, díríìlì lẹ máa fi tú u lọ́kọ̀ọ̀kan. Páànù tuntun wà lọ́jà. Ẹ fi ìyẹn ṣe àlàyé fún ìyá nígbà tẹ́ ẹ bá ń ná ọkọ̀, owó gbọ́dọ̀ wálẹ̀.

Àǹtí Ìwé Ọkọ̀, Houston

Ẹ bá mi kí i padà. Ọmọ mélòó ni bàbá fi sílẹ̀?

Ọmọ Mushin ní Katy

Mẹ́ta. Méjì wà ní Houston níbí. Ẹnì kẹta ń gbé ní Alaska, ìyá ní wọn ò tíì bára wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà ìsìnkú.

Àǹtí Ìwé Ọkọ̀, Houston

Kẹ́ ẹ rí ti Alaska yẹn kẹ́ ẹ tó ra ẹ̀rọ wẹ́dà.